Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Lára Ewé Ìgbà Ìwọ́wé

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí ìyípadà ọ̀sán àti òru wà ní ọwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi àti fún yín pé kí á páyà Ọlọ́hun. Nínú Sūratu Zumar, āyà 21, Ọlọ́hun pe àkíyèsí wa sí irúgbìn tí Ó fi omi òjò hù jáde ní oríṣiríṣi àwọ̀, bí ó ṣe ń gbẹ, tí ó ń pọ́n, títí ó fi di rírún. Ìrántí sì ni fún àwọn onílàákàyè. Ẹni tí ó bá rìn gba Burgess Park tàbí Peckham Rye kọjá ní àkókò yìí yóò rí irú àmì bẹ́ẹ̀: igi plane ti ń di àwọ̀ ìyeyè, igi cherry ti ń pọ́n bí ẹyin iná, ewé sì ti bo ojú ọ̀nà.

Kí ni ó fà á? Nílé, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń mú kí àràbà wọ́wé. Níhìn-ín, kíkúrú ọ̀sán àti òtútù ni igi ń ṣọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń dín kù, igi yóò dáwọ́ ṣíṣe èròjà tí ó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ dúró, yóò sì fa ohun tí ó wúlò nínú ewé padà sínú ara rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè tí a wá rí kì í ṣe tuntun. Ó ti wà nínú ewé láti ìgbà ooru, àwọ̀ ewé tútù ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Pupa ni ó yàtọ̀: inú ṣúgà tí ó kù nínú ewé ni igi ti ń ṣe é ní àkókò yìí gan-an. Lẹ́yìn náà, igi yóò dí ibi tí ìdí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ewé yóò sì já. Kò sí èyí tí ó já tí Ọlọ́hun kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ó ti fi yé wa nínú Sūratul-An'ām, āyà 59.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, igi kò ní aago, síbẹ̀ kò pa àkókò rẹ̀ jẹ. Àwa ńkọ́? Òòrùn kan náà ni a fi ń mọ àkókò ìrun. Ní oṣù Kẹfà, òòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn aago 9 alẹ́. Ní àárín oṣù Kejìlá, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù ni ó ti wọ̀. Ẹni tí ó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé kí ó tó kí Àlàásárì nígbà ooru, bí kò bá yí ìṣe rẹ̀ padà, Mọ̀gàríbì ni yóò bá nílé. Báyìí ni ìrun ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó nígbàgbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni a ó dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí 1. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ gba ìwé àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ẹ bá ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú díẹ̀ fún Àlàásárì, ẹ sì fi àkókò náà han àwọn ọmọ yín tí ó wà nílé ìwé.

Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Umar fi yé wa pé Ànábì bi àwọn sàábé léèrè igi kan tí ewé rẹ̀ kì í já, tí ó jọ Mùsùlùmí. Igi dàbínù ni. Bí igi ìta bá wọ́wé, ìrun wa kò gbọdọ̀ bá a já.

Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn tí ń ṣọ́ àkókò ìrun wọn. Àmín.