Eré Ogun ní Òru: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Òwe yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kó ọ̀dọ́ jọ fún eré ogun àṣemọ́jú kọ́kọ́ rántí. Eré náà ti gbilẹ̀ ní òkè òkun, airsoft ni wọ́n ń pè é: ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ tàbí bátìrì tu ọta ike róbótó, ọta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Ilẹ̀ Japan ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, níbi tí òfin kò ti gba aráàlú láyè láti ní ìbọn gidi bó ṣe wù ú. Ẹgbẹ́ méjì á pàgọ́, wọ́n á ran alamí jáde, wọ́n á ṣọ́ ibùdó wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí ọta bá bà á gbọ́wọ́ sókè, á sì jáde. Mo fẹ́ràn eré yìí fún àwọn ọmọ wa, nítorí ó ń kọ́ni ní sùúrù àti òtítọ́. Nínú òkùnkùn, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ọta bà ọ́.

Àmọ́ òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní ìpínlẹ̀ yìí, Onímòjò àti Elésùn, bí wọ́n ṣe ń ti òde bọ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní agbègbè Èmùrè. Ìlú tó ti rí irú èyí kì í fi ojú eré wo ẹni tó gbé ìbọn nínú igbó lóru.

Ẹ wo ọdẹ kan létí oko kòkó ní aago méjì òru. Iná wà níwájú orí rẹ̀, ṣakabùlà wà léjìká. Ojú ẹran tó ń tàn ló ń wá, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ajínigbé tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń rákò bọ̀ nínú aṣọ sójà, awò tó fi bo ojú ń dán bí ojú ẹtu. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún ọdẹ pé eré ni?

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ bèèrè. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, èyí tó ti wà láti ọdún 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ẹ má tẹ̀lé oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Òfin ò sì gbà kí ẹni tí kì í ṣe sójà wọ aṣọ sójà tàbí èyí tó fara jọ ọ́. Aṣọ iṣẹ́ oko tó dúdú ti tó, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan so ọ̀já aláwọ̀ tirẹ̀ mọ́ apá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe òfin ní ọdún 2006 tó dín títa ìbọn àfarawé tó jọ gidi kù. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ eré yìí, wọ́n ti fi ọ̀dà tó ń tàn kùn ún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba tó ni ilẹ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ olórí àwọn ọdẹ, ẹ dé ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò. Kí ọjọ́, wákàtí, iye èèyàn àti nọ́ńbà fóònù àwọn aṣáájú wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní rárá, ó parí nìyẹn. Ẹ má sì fi orí òkè àpáta ṣe ibùdó láìbèèrè: òrìṣà ni wọ́n ka àpáta Olósùnta sí ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀. Ní tèmi, inú ọgbà tó ní odi, bíi ilẹ̀ iléèwé lásìkò ìsinmi, ló sàn jù fún àsìkò yìí. Ẹni tó bá ti sin ìlú mọ̀ pé inú ọgbà, níṣojú sójà, ni ẹgbẹ́ Man O' War ti ń kọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ bí wọ́n ṣe ń gun okùn.

Ìtàn tí ẹ máa fi ṣe eré ńkọ́? Ẹ má yá ti fíìmù Amẹ́ríkà. Ẹ yá ti Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Èkìtìparapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, 1893 sì ni àgọ́ tó tú pátápátá. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ìjọba Èkó rán láti máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lápá Igbájọ àti àwọn Èkìtìparapọ̀ lápá Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ fi èyí ṣe eré: ìránṣẹ́ méjì ní ìwé lọ́wọ́, ìwé náà gbọ́dọ̀ dé àgọ́ kejì kí àkùkọ tó kọ, ẹni tó bá yìnbọn lu ìránṣẹ́ ti pàdánù. Tàbí kí ẹ ṣe ti ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi ránṣẹ́ sílé gba ọ̀nà Oǹdó: kí ẹgbẹ́ kan máa kó ẹrù kọjá, kí èkejì máa dènà. Irú eré báyìí máa ń gba ọpọlọ ju ọta lọ.

Ojú lọba ara. Awò ìdáàbòbò tó bo ojú dáadáa ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti oòrùn. Bí òógùn bá bò ó, kí onítọ̀hún rìn dé ibi ìsinmi kó tó ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 má bá yín ṣeré. Kí àwọn tó ń ṣeré máa rìn ní méjì-méjì, kí wọ́n wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ nítorí ejò. Kí adájọ́ eré máa ka orí wọn ní wákàtí méjì-méjì. Bí fèrè bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, kí gbogbo tọ́ọ̀ṣì tàn, kí gbogbo ìbọn sọlẹ̀. Kí ọkọ̀ kan kọjú sí títì, kí awakọ̀ rẹ̀ má sùn, kó sì mọ ọ̀nà dé ilé ìwòsàn ńlá ní Adó. Iyán dùn, ṣùgbọ́n ẹ má gún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ló máa gbé wọn lọ. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ti tó.

Ohun tí àwọn aṣètò máa ń gbàgbé ni òwúrọ̀. Ẹni tí kò sùn mọ́jú kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ padà sí Ìfàkì tàbí Ìyìn. Ẹ tẹ́ ẹní fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò rẹ̀ fún ìsinmi Kérésì tó ń bọ̀, ẹ tètè lọ kí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ kí ẹ tó dá owó ìbọn.