Ohun tí ó mú Iṣẹ́ Iná Oòrùn àti ti Afẹ́fẹ́ Ṣòro ní Ilẹ̀ Jámánì

Ní ọdún 2000 ni ìjọba ilẹ̀ Jámánì ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná, a óò ra iná náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí kò ní í yẹ̀ fún 20 ọdún. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ pàápàá ti ń to sólà sórí òrùlé abà wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, ó lé ní ìdajì iná tí gbogbo ilẹ̀ náà lò tí ó ti ọ̀dọ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́, omi àti ohun ọ̀gbìn wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì tí ó kù ni ó le jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé iná mànàmáná kì í ṣe àgbàdo tí a ń kó sí àká. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń pèsè gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn ń lò dọ́gba nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná yóò kú. Èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ a máa gbọ́ràn: bí alẹ́ bá lẹ́, tí gbogbo ilé tan iná, òṣìṣẹ́ a fi kún èyí tí ó ń jó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín rẹ̀ ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pàṣẹ fún afẹ́fẹ́? Nígbà òtútù, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Berlin, ọjọ́ mìíràn sì wà tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ rárá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èédú àti gáàsì ni wọ́n tún ń padà sí. Nítorí náà, wọn kò lè wó gbogbo ilé ẹ̀rọ àtijọ́. Wọ́n ní láti máa náwó lé wọn lórí kí wọ́n lè wà ní ìmúrasílẹ̀.

Wọ́n wá ọgbọ́n kan sí i ní Goldisthal, ní agbègbè Thuringia. Nígbà tí iná bá pọ̀, wọ́n a fi fa omi lọ sínú adágún kan lórí òkè; nígbà tí iná bá wọ́n, wọ́n a tú omi náà sílẹ̀ kí ó wá yí ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n bí adágún náà bá tilẹ̀ kún dẹ́nu, iṣẹ́ bíi wákàtí 8 péré ni ó lè ṣe, afẹ́fẹ́ sì lè dákẹ́ fún odidi ọjọ́ mélòó kan.

Ọ̀ràn ibi tí iná wà tún ń bẹ. Ìhà àríwá, létí òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù. Ìhà gúúsù ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá wà. Wáyà kan tí wọ́n pè ní SuedLink, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 700 kìlómítà, ni ó yẹ kí ó so ìhà méjèèjì pọ̀ ní ọdún 2022. Àwọn ará abúlé kò fẹ́ òpó gíga lórí oko wọn, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ni ìjọba bá ṣòfin ní ọdún 2015 pé abẹ́ ilẹ̀ ni kí wáyà náà gbà. Èyí fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n sì sún ìparí rẹ̀ sí ọdún 2028. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ jù, tí àwọn wáyà tí ó wà nílẹ̀ kò lè gbé iná náà, wọ́n a dá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dúró ní àríwá, wọ́n a sì san owó gbà-má-bínú fún olówó rẹ̀.

Ní Lausitz, lẹ́bàá ààlà Poland, ó ti lé ní 100 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun nídìí èédú. Òfin ọdún 2020 sọ pé iná èédú gbọ́dọ̀ dópin ní Jámánì, ó pẹ́ jù, ní ọdún 2038. Ìjọba ṣèlérí owó tí ó tó bílíọ̀nù 40 yúrò fún àwọn agbègbè èédú, ṣùgbọ́n ẹni 50 ọdún tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn kì í fi ìlérí bọ́ ọmọ. Ní Cottbus, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n ṣí ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé yóò gba òṣìṣẹ́ 1,200.