Ilé Ń Wù Mí, Ẹsẹ̀ Mi Ò Gbéra

ÌBÉÈRÈ



Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Leeds. Mo ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbí. Ọmọ ọwọ́ ni àwọn ìbejì mi nígbà tí a gbé wọn wá. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, gbogbo wa la sì ti gba ìwé ọmọ ìlú. Tí mo bá lọ sí Abẹ́òkúta ní Disẹ́ńbà, ara mi a yá gágá. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lójúde á kí mi, òde lónìí, òde lọ́la, mi ò tiẹ̀ ní rántí pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Àmọ́ tí mo bá ti padà dé ibí ní Jánúárì, òkùnkùn ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni mo fi ń bọ̀. Aládùúgbò tí èmi àti ẹ̀ jọ ní ògiri kan, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Màmá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì ń dá gbélé. Àwọn àbúrò mi rò pé ilẹ̀ la ti ń ṣa pọ́n-ùn. Bàbá àwọn ọmọ mi ní òun ò lè padà lọ máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Èmi náà ní irú ayé wo lèyí tí à ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà. Ẹ bá mi dá sí i: ilé àti òkè òkun, èwo ló sàn?

Ìyá Ìbejì, Leeds

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àárò ilé, ẹ kú wàhálà àwọn aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín tú ìbéèrè yín wò. Abẹ́òkúta ti Disẹ́ńbà lẹ gbé ko Leeds ti Jánúárì lójú, ìjàkadì yẹn ò sì dọ́gba. Ní Disẹ́ńbà ẹ wà lẹ́nu ìsinmi, pọ́n-ùn wà lápò, ẹbí ti se oúnjẹ dè yín, òjò ò rọ̀, ojú ọ̀nà gbẹ. (Àwọn ọlọ́jà náà mọ̀ pé ẹ ti dé, ẹ lọ béèrè owó adìyẹ lọ́wọ́ wọn lóṣù náà.) Ní Jánúárì, ṣíìfù alẹ́ ló ń dúró dè yín ní Leeds, níbi tí oòrùn kì í là títí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ á fi lù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe rí, kó lọ ní Júláì.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ gba ìsinmi, kí ẹ lọ lo oṣù kan gbáko nílé nígbà òjò, kí ẹ má lọ sóde àríyá. Ẹ lọ bi ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta iye tí wọ́n á máa san fún nọ́ọ̀sì tó nírú ìmọ̀ yín lóṣù. Iye yẹn ni kí ẹ fi jẹun, kí ẹ fi wọ mọ́tò, kí ẹ fi ra epo àti káàdì iná. Ẹ má fọwọ́ kan pọ́n-ùn. Ohun tí ẹ bá rí lóṣù yẹn á ju gbogbo ohun tí èmi lè kọ lọ.

Ní ti àwọn àbúrò yín, ẹ má bínú sí wọn jù. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ níbí, nítorí £12.21 ni wákàtí kan ní 2025. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rò pé ilẹ̀ la ti ń ṣa á? Ohun tí wọn ò rí ni owó orí, owó kánsù, owó ilé, àti gáàsì tí a fi ń mú ilé gbóná. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ọ̀pọ̀ wa láti sọ ọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn àbúrò yín tó lóye jù, kí ẹ fi ìwé owó oṣù yín hàn án, àti ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo ẹni tó ní ìpín nínú rẹ̀ ti mú tirẹ̀.

Àwọn ọmọ ló wá jẹ́ kókó. Bí ẹ bá kó wọn lọ sílé báyìí, tí wọ́n wá fẹ́ padà wá wọ yunifásítì níbí, ẹ lè san owó ìrìn àjò náà lẹ́ẹ̀kejì. Ní England, £9,535 ni yunifásítì lè gbà jù lọ́wọ́ ọmọ onílé fún ọdún kan ní 2025. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìrìnnà nìkan ni wọ́n fi ń mọ ọmọ onílé. Wọ́n á wò ó bóyá ọmọ náà ti ń gbé nílẹ̀ yìí fún ọdún mẹ́ta kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti Abẹ́òkúta bọ̀ lè rí i pé owó àlejò ni wọ́n bu lé òun, èyí tó ju ìlọ́po méjì lọ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Tiyín jẹ́ méjì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì máa wọlé!

Ti ilé ìwòsàn náà bẹ́ẹ̀ ni: ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ọdún márùndínlógójì lèèyàn fi ń san National Insurance kó tó gba gbogbo rẹ̀, £230.25 lọ́sẹ̀ ní 2025; ẹni tí kò bá pé ọdún mẹ́wàá kò rí nǹkan kan gbà. Ọdún mẹ́rìnlá tiyín máa mú bíi £92 wá, yàtọ̀ sí ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá wá ń gbé ní Nàìjíríà, iye tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á máa san lọ, wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó wà níbí.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní dandan ni kí n yan ọ̀kan, mo ní kí ẹ dúró títí àwọn ìbejì á fi wọ yunifásítì. Lẹ́yìn náà, ẹ lè máa pín ọdún sí méjì, ẹ̀ẹ̀rùn nílé, ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó níbí. Mo sì rò pé orúkọ aládùúgbò yín kò yẹ kó dúró dìgbà yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá! Ìlú nìkan kọ́ ló jẹ̀bi ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo tún lẹ́tà yín kà, ọ̀rọ̀ màmá ni mo rò pé ó ń jẹ yín lọ́kàn jù. Àwọn kò lè dúró de ìgbà tí ẹ̀yin àti bàálé yín máa parí àríyànjiyàn. Mímú wọn wá síbí náà le, torí láti 2012 ni ìjọba ti há ọ̀nà àwọn òbí àgbà pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìyá tó sì rí ọ̀nà wá, inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán tí yóò máa bá wọn gbé, kí ẹ sì máa san owó oṣù fún un lákòókò. Ẹ wá dókítà kan nítòsí tí yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Owó aṣọ ẹbí tí ẹ ń ná ní Disẹ́ńbà, ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ máa rí wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ mú bàálé yín dání lọ ní Júláì. Òun ni kí ẹ fi ṣe alábòójútó iná: kó máa kọ wákàtí tí iná fi ń wà sílẹ̀, kó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páànù oòrùn, kó gbọ́ iye tó máa ná an láti má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí màmá.