Ẹ Má Yára Gbálẹ̀ Ọgbà: Ẹ̀kọ́ fún Ìgbà Ìrúwé

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí àgbàlá ẹ̀yìn ilé wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí: àwọn òdòdó tí ó ń kọ́kọ́ yọ, àwọn ewé aláràbarà, àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó ń gbé láàrin wọn. Kókó ẹ̀kọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí a tó gbá nǹkan dànù, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́.

ÌDÍ TÍ A FI MÚ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ WÁ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́fà lọ bá ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa tún àgbàlá wọn ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, wọn kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù kẹrin ni. Àwọn òdòdó daffodil tí ọkọ wọn olóògbé gbìn sí ẹ̀bá ògiri ti rọ, ewé wọn nìkan ni ó kù, ó sì wó sílẹ̀ játijàti. Lójú tiwa, ìdọ̀tí ni. A gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a kó àwọn ewé gbígbẹ abẹ́ igi, a gbá ilẹ̀ náà títí ó fi mọ́ tónítóní, a sì di àpò ọ̀rá dúdú mẹ́jọ. Inú wa dùn. Ìyá dúpẹ́, wọ́n sì fún wa ní oúnjẹ.

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún kejì dé, ewé tín-ín-rín díẹ̀ ni ó yọ níbi ògiri náà. Òdòdó kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ìyá kò bínú sí wa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ìfẹ́ ni ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ẹ gbà lẹ́nu wọn." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí a mọ̀ pé òdòdó yẹn ni wọ́n máa ń wò láti ojú fèrèsé láti ìgbà tí bàbá ti lọ.

Kì í ṣe pé ìmọ́tótó burú. Àwọn ìyá wa kọ́ wa ní ilé pé kí ọmọbìnrin ti gbá àgbàlá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ejò má baà rí ibi fara pamọ́ sí. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

1. ÀWỌN ÒDÒDÓ TÍ Ó Ń KỌ́KỌ́ YỌ

Snowdrop ni aṣíwájú. Ó kéré, ó funfun, a sì máa tẹrí ba. Oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ni tirẹ̀, nígbà tí yìnyín ṣì lè bọ́. Crocus ni ó tẹ̀ lé e, òmíràn funfun, òmíràn ní àwọ̀ ìyeyè, òmíràn ní àwọ̀ àlùkò. Bí oòrùn bá ràn, a ṣí. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, a padé. Lẹ́yìn náà ni primrose àti daffodil. Ẹ mọ daffodil dáadáa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń pín fún àwa ìyá ní Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí iṣu. Ewé iṣu ni ó ń gba oòrùn, tí ó ń ṣe oúnjẹ, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ wo ni yóò gé ewé iṣu ní oṣù keje, tí yóò sì máa retí iṣu gidi? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni daffodil rí. Ó ní kókó kan lábẹ́ ilẹ̀ tí ó dà bí àlùbọ́sà. Ewé tí ó kù lẹ́yìn tí òdòdó bá rọ ni ó ń bọ́ kókó náà, kí ó lè ní agbára àti yọ òdòdó ní ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, orí òdòdó tí ó ti rọ nìkan ni kí a gé. Kí a fi ewé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, títí yóò fi pọ́n tí yóò sì gbẹ fúnra rẹ̀. Kí a má ṣe ta á ní kókó pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin tuntun, láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ni àkókò rẹ̀. Kí ihò náà jìn tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gíga kókó tí a fẹ́ gbìn.

2. ÀWỌN EWÉ ALÁRÀBARÀ

Kì í ṣe òdòdó nìkan ni ẹwà ọgbà. Heuchera ní ewé àwọ̀ àlùkò tàbí pupa rúsúrúsú, ewé púpọ̀ nínú wọn kì í sì í wọ́ ní ìgbà òtútù. Photinia máa ń rú ewé pupa fòò ní ìgbà ìrúwé, kí ó tó di ewé tútù, gẹ́gẹ́ bí ewé máńgòrò tuntun ti máa ń ṣe ní ilé. Ní ti ivy tí ó ń gun ògiri, ẹ má kánjú fà á tu. Ìparí ìgbà òtútù ni èso dúdú rẹ̀ ń pọ́n, nígbà tí oúnjẹ àwọn ẹyẹ bá ti tán níbòmíràn.

3. ÀWỌN Ẹ̀DÁ TÍ Ó Ń SÙN LÁBẸ́ EWÉ

Oyin ńlá onírun tí a ń pè ní bumblebee tó oríṣi 24 ní ilẹ̀ yìí. Bí òtútù bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé oyin náà a kú, ayaba tuntun nìkan ni yóò fara pamọ́ sínú ilẹ̀. Ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, a jáde, ebi a sì máa pa á. Bí kò bá rí crocus tàbí òdòdó mìíràn tí ó ní omi dídùn nínú, kò ní lágbára láti kọ́ ilé. Bí ayaba kan bá kú, odindi ìdílé kan ni kò ní sí.

Ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan wà pẹ̀lú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hedgehog. Ó fara jọ òòrẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó o rárá. Abẹ́ òkìtì ewé gbígbẹ ni ó ń sùn láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta tàbí kẹrin. Òkìtì tí a dì sínú àpò ọ̀rá dúdú lè jẹ́ ilé rẹ̀. Òun àti ọ̀pọ̀lọ́ ń bá wa jẹ àwọn ìgbín tí kò ní ìkarahun tí ń ba ẹ̀fọ́ wa jẹ́.

4. ÌKÌLỌ̀ MẸ́TA

(a) Kókó daffodil ní májèlé. Bí a bá sè é bí àlùbọ́sà, inú rírun àti èébì ni yóò tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2015, Public Health England, tí í ṣe àjọ ìlera ìjọba nígbà náà, kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà ńlá pé kí wọ́n má ṣe to daffodil sí ẹ̀gbẹ́ èso àti ẹ̀fọ́. Kí àwa náà má ṣe kó o sí ilé ìdáná, pàápàá níbi tí ọmọdé wà.

(b) Láti oṣù kẹta lọ, àwọn ẹyẹ ti ń kọ́ ìtẹ́ sínú igi ọgbà. Òfin ọdún 1981 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò tàbí tí ó ń kọ́ lọ́wọ́ jẹ́. Ẹ yẹ inú igi wò dáadáa kí ẹ tó gé e.

(d) Májèlé ìgbín tí a fi metaldehyde ṣe ti di èèwọ̀ nínú ọgbà láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2022, nítorí pé ó ń pa ẹyẹ àti ẹranko. Bí ó bá ṣì kù nínú ilé ìkẹ́rù yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù ibi tí ẹ ó kó o sí.

OHUN ṢÍṢE

Kí olúkúlùkù wa fi igun kan sílẹ̀ láìgbá títí di oṣù kẹrin. Bí aládùúgbò bá gbà, kí a dá ihò sẹ̀ǹtímítà 13 ní ìbú àti ní gíga sí ìsàlẹ̀ pákó tí ó pààlà, kí hedgehog lè kọjá. Omi ni kí a gbé sílẹ̀ fún un; wàrà kò bá inú rẹ̀ mu.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni a ti gbá dànù rí, ní ọgbà tàbí nínú ilé, tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ìdọ̀tí?
2. Nígbà tí a bá lọ ran ẹnì kan lọ́wọ́, ǹjẹ́ a máa ń béèrè ohun tí ó fẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀?
3. Ta ni nínú àwọn ìyá wa tí ó ní ọgbà tí kò lè tọ́jú mọ́, ọjọ́ wo ni a ó sì lọ?

Ní ti ọgbà ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a padà lọ ní ìparí oṣù kẹrin ọdún náà. Lọ́tẹ̀ yìí, a jókòó kí a tó mú àlùmọ́gàjí, ìyá sì fi ọwọ́ tọ́ka ohun tí a lè gé àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Daffodil mẹ́ta ni ó yọ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá fi gé díẹ̀ fún wa mú lọ sílé.