Ẹjọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ tí Wọ́n Rò ní Èkó

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Òkun, Owé ti Kábà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú pẹ̀lú Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti gba ìmọ̀ ìwé, láti St. Augustine's College ti àwọn Àgùdà ní Kábà títí dé Titcombe College tí àwọn oníhìnrere SIM dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó, àròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ni wọ́n ti ro ẹjọ́ tí a fẹ́ sọ yìí, ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, tí Lateef Jakande di gómìnà Èkó lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ UPN, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbé síwájú. Àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń lọ láàárọ̀, tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, Jakande sì ń kọ́ yàrá lé yàrá kí àṣà náà lè kásẹ̀ nílẹ̀. Ó yẹ kí a yìn ín, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1980, ìjọba rẹ̀ kọ̀wé jáde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, kò ní sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́ ní ìpínlẹ̀ náà.

Anthony Olúbùnmi Okogie, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Àgùdà ní Èkó, kò gbà. Òun àti àwọn mìíràn pe ìjọba lẹ́jọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí ìwé òfin 1979 ní kí ó rí i pé gbogbo ọmọ ní àǹfààní ẹ̀kọ́ lọ́gbọọgba. Àwọn olùpẹ̀jọ́ di abala 36 mú, èyí tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gba èrò àti láti fi èrò kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ takókó, ilé ẹjọ́ gíga fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, tí Adájọ́ Mamman Nasir jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé ète rere tí òfin là sílẹ̀ fún ìjọba kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni yóò ṣíwájú, ète yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Irú ìjà yìí ti wà tipẹ́. Ní Dayton, ìlú kékeré kan ní Tennessee ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé olùkọ́ kan, John Scopes, lọ sí kóòtù ní oṣù keje 1925, pé ó fi ẹ̀kọ́ Darwin kọ́ ọmọ, èyí tí ó ní ara ẹ̀dá mìíràn ni ènìyàn ti yí padà díẹ̀díẹ̀ di ènìyàn, tí òfin ibẹ̀ sì kà léèwọ̀ nítorí Bíbélì. Wọ́n bu dọ́là 100 lé e. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé ìdájọ́ yìí ní 1927, ṣùgbọ́n òfin náà wà títí di 1967. Níbẹ̀, òfin ń gbèjà Bíbélì. Ní Èkó, àlùfáà ni ó ń bá ìjọba du ààyè ìkọ́ni. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo máa kọ́ ọmọ, ì báà jẹ́ ohùn òtítọ́, ti gba iṣẹ́ ìyá àti bàbá ṣe.

Nínú ìwé òfin 1999 tí a ń lò lónìí, abala 39 ni òmìnira láti gba èrò àti láti fi èrò kọ́ ẹlòmíràn yẹn wà. Ẹni tí ìjọba bá fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀, ní Kábà tàbí ní Ìsánlú, lè gbé e síwájú adájọ́.