Àkókó àti Igi Gbígbẹ Inú Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yà àkókó kò mọ ní ẹyọ kan ní ilẹ̀ wa. Èyí tí ikùn rẹ̀ pupa fòò, inú igbó ńlá ni ó ń gbé. Èyí tí ara rẹ̀ kún fún àmì wínníwínní, ọ̀dàn bí ti ìhà Ṣakí ni ó bá a lára mu; èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí orí rẹ̀ rí bí eérú, tí ìbàdí rẹ̀ pupa, a máa wá sí etí oko àti àárín abúlé pàápàá, a sì máa fa ìdin kòkòrò yọ láti inú igi.

Igi tí ó ti gbẹ ni àkókó sábà máa ń gbẹ́ ihò sí láti yé ẹyin. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ẹyẹ tí kò lè gbẹ́ ihò a jogún rẹ̀. Nítorí náà, bí igi bá gbẹ sí ààlà oko, tí kò sì lè wó lu ènìyàn, ẹ má tètè fi dáná.