Kí Oníṣègùn Ọ̀dọ́ Tó Fọwọ́ sí Ìtọ́jú Oníná

Ìtọ́jú oníná, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní ECT, ni kí a fi iná mànàmáná díẹ̀ kọjá nínú ọpọlọ aláìsàn tí a ti fi oògùn kùn lóorun, kí gìrì kúkúrú tí kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan lè mú un. Láti ọdún 1938 tí Ugo Cerletti àti Lucio Bini ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Róòmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò yẹ kí oníṣègùn ọ̀dọ́ fi ẹ̀rù wọn ṣẹ̀sín, nítorí pé nígbà tí a ń ṣe é láìkun ènìyàn lóorun, tí a kò sì lo oògùn tí ń dẹ iṣan, gìrì náà a máa dá egungun aláìsàn mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìtọ́jú náà dáadáa gbọ́dọ̀ wọn ewu àìsàn náà pẹ̀lú ewu ìtọ́jú. Ẹni tí ìsoríkọ́ líle mú, tí kò jẹ tí kò mu, tó sì ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀, lè máà ní àkókò tí yóò fi dúró de oògùn oníhóró; ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ń jẹun, tí kò sì tíì lo oògùn bó ti yẹ, kò tíì dé orí ìtọ́jú yìí.

Ikú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nǹkan bíi 2 nínú 100,000 ìgbà tí a bá ṣe é. Ìgbàgbé ni ìṣòro tó wọ́pọ̀, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ṣáájú lè parẹ́, kí apá kan rẹ̀ má sì padà mọ́. Kí dókítà sọ èyí láìfi bò kí aláìsàn tó yọ̀ǹda, kó sì bi í léèrè, bí àpẹẹrẹ, ohun tó sè nígbà ọdún tó kọjá, kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kó lè tún un bi lẹ́yìn ìtọ́jú. Bí ìgbàgbé bá ń pọ̀, fífi iná sí apá ọ̀tún orí nìkan a máa dín in kù.

 

Ìgbà 6 sí 12 ni a sábà máa ń ṣe ìtọ́jú náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni òpin. Nínú ìwádìí tí Harold Sackeim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, àìsàn padà sára 84 nínú 100 àwọn tí kò lo ojúlówó oògùn lẹ́yìn ìtọ́jú, láàárín oṣù 6, nígbà tó jẹ́ 39 nínú 100 fún àwọn tó lo nortriptyline pọ̀ mọ́ lithium. Nítorí náà, dókítà tí kò bá tíì mọ oògùn tí aláìsàn yóò máa lò lẹ́yìn iná kò tíì wọ̀n ọ́n tán.